Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: J. L. Austin àti Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ṣiṣẹ́

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí tó ń wádìí èdè ni lẹ́tà ti ń wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dá lórí ẹnì kan ṣoṣo, John Langshaw Austin ti Oxford. Òun la fi gbogbo ojú ewé yìí sílẹ̀ fún lóṣù yìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ta tilẹ̀ ni Austin yìí? Ṣé ilé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí, àbí ìwé ló gbé e dé ipò? (Olùkọ́ girama kan, Abẹ́òkúta)

Ìwé ni, sà. Ìlú Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1911. Ayàwòrán-ilé ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ìdílé náà kó lọ sí St Andrews ní Scotland. Austin gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama Shrewsbury ní 1924, ó sì tún gba òmíràn wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol ní Oxford ní 1929. Èdè Gíríìkì àti Látìnì ló kọ́kọ́ kọ́ jinlẹ̀, ìgbà tó dé Oxford ni ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó má ṣe túmọ̀ gbólóhùn Gíríìkì kan láìjẹ́ pé ó ti wo gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè gbà jẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kánjú lé ọ̀rọ̀ lórí. Gbogbo iṣẹ́ Austin ló fi èyí hàn.

Ó yege pẹ̀lú ipò kìíní ní 1933, wọ́n sì yàn án sí kọ́lẹ́ẹ̀jì All Souls ní Oxford lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1935 ó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Magdalen níbẹ̀. Nígbà ogun kejì, ẹ̀ka ọtẹlẹ̀múyẹ́ ológun ló wà. Òun ló darí àwọn tó ń kó ìròyìn jọ nípa etíkun àríwá Faransé ṣáájú ìbalẹ̀ Normandy ti oṣù Kẹfà 1944: ibi tí odi àwọn ará Jámánì wà, bí yanrìn etíkun ṣe rí, ibi tí ọmọ ogun wọn pọ̀ sí. Lieutenant Colonel ni nígbà tó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀. Ní 1952 wọ́n fi í jẹ White's Professor of Moral Philosophy, ìyẹn ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìwà, ní Oxford. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1960. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Mo wá ìwé tí Austin fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ jáde, n kò rí i. Báwo ni ẹni tí kò tẹ ìwé jáde ṣe lókìkí tó báyìí? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Ẹ ò lè rí i, torí kò sí. Àpilẹ̀kọ kéékèèké tí kò ju méje lọ ló tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ ìwé Frege, onímọ̀ lọ́jíìkì ará Jámánì, lórí ìpìlẹ̀ ìṣirò tó ṣe láti èdè Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1950. Àwọn ìwé tó lórúkọ rẹ̀ lára jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀: Philosophical Papers ní 1961, How to Do Things with Words àti Sense and Sensibilia ní 1962. J. O. Urmson àti G. J. Warnock, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló tò wọ́n jọ. Inú ìwé àkọsílẹ̀ tí Austin fi ń dánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ṣa Sense and Sensibilia pọ̀, nítorí náà bí gbólóhùn kan níbẹ̀ bá le koko, ẹ rántí pé Warnock ló so ó pọ̀.

Ibi tí okìkí rẹ̀ ti wá ni kíláàsì, àti ìpàdé àárọ̀ Sátidé. Lẹ́yìn ogun ló bẹ̀rẹ̀ ìpàdé yìí fún àwọn olùkọ́ Oxford tí ọjọ́ orí wọn kò ju tirẹ̀ lọ. Grice, Strawson, Hare, Urmson àti Warnock wà lára àwọn tó ń wá. Wọ́n lè fi odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ka ìwé kan ṣoṣo: Aristotle, Frege, Wittgenstein, nígbà tó sì yá, ìwé Chomsky lórí gírámà. Gbólóhùn kan ni wọ́n á mú, wọ́n á sì máa bi í pé kí ni ó ń sọ gan-an, títí wọn yóò fi gbà pé ó yé wọn. Ní èrò tiwa, ìpàdé yìí ni iṣẹ́ tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ohun tí Austin ṣe. Ó gbà pé ìwádìí èdè kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan nínú yàrá, àti pé bí èèyàn mẹ́wàá tó gbọ́ èdè kan náà bá jókòó, ibi tí ẹnu wọn ti kò àti ibi tí kò ti kò ló yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Alága ìdúró ni mí. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Austin sọ pé "mo gbà" tí ìyàwó ń sọ kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ni? (Màmá kan, Òṣogbo)

Ó wà, Màmá. Bí ẹ bá ní òjò ń rọ̀ ní Ìkìrun, a lè pe ẹni tó wà níbẹ̀ ká fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ní "mo gbà" kò ròyìn ohunkóhun fún yín. Ohun tó sọ yẹn gan-an ló fi ń wọlé ọkọ. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni Austin pè ní performative. Àwọn àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni ẹni tó ń sọ ọkọ̀ ojú omi lórúkọ bó ti ń fọ́ ìgò mọ́ ọn lára, ẹni tó ń fi aago sílẹ̀ fún arákùnrin rẹ̀ nínú ìwé ìhágún, àti ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ pé òjò á rọ̀ lọ́la.

Lóòótọ́ kì í ṣe òótọ́ tàbí irọ́, ṣùgbọ́n ó lè bàjẹ́, ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́ sì ni Austin fara balẹ̀ tò. Ẹ jẹ́ ká fi ìgbéyàwó kóòtù wò ó.

Ètò tí gbogbo ayé gbà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọkọ tó bá dúró ní pálọ̀ tó ní "mo kọ̀ ọ́" lẹ́ẹ̀mẹta kò tú ìgbéyàwó kóòtù ká, nítorí òfin ò mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ló ń tú u. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó yẹ ló gbọ́dọ̀ ṣe é: ẹni tó ti ní ìyàwó kóòtù kò lè tún fi "mo gbà" fẹ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ní àṣẹ kò lè so wọ́n pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ bó ṣe tọ́ pẹ̀lú: bí bàbá kan bá ní "mo fi ilé mi fún ọ" tó sì ní ilé méjì, èwo ló fi fún un? Ó sì gbọ́dọ̀ parí: bí ọkọ bá sọ tirẹ̀ tí ìyàwó dákẹ́, kò tíì sí nǹkan kan. Èyí jẹ́ mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, iṣẹ́ náà kò wáyé rárá, bó ti wù kí ijó àti ìlù pọ̀ tó níta.

Ó ku méjì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní in lọ́kàn, ó sì gbọ́dọ̀ máa hùwà bó ṣe sọ lẹ́yìn náà. Bí méjì yìí bá yẹ̀, iṣẹ́ náà ti wáyé o, ẹni náà ló ṣe èké. Ẹ wo bó ti ṣe rí: ọkùnrin tó ti pinnu pé òun ò ní tọ́jú ìyàwó ti gbéyàwó pátápátá, ìyàwó sì lè mú un ṣinṣin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó ní ìyàwó kóòtù nílé, tó wá fi gbogbo ọkàn sọ "mo gbà" fún òmíràn, kò gbé ìyàwó kankan. Èrò inú nìkan kì í so ìgbéyàwó, kì í sì í tú u. Àwọn tó ń sọ pé "ẹnu lásán ni mo fi ṣèlérí, kò tọkàn mi wá" rò pé àwọn ti bọ́. Austin fi hàn pé wọn ò bọ́.

Ohun kan wà tí ọmọ yín lè má tíì kà dé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ni Austin ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Harvard ní 1955. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ka mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á wá kọ ọ́ nínú ìdánwò pé Austin pín ọ̀rọ̀ sí méjì, èyí tó ń ròyìn àti èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tú ìpín yẹn ká kó tó parí. Ó rí i pé ẹni tó ń ròyìn náà ń ṣe nǹkan: ó ń jẹ́rìí, ó ń fọwọ́ sọ̀yà, a sì lè dá a dúró pé "kí lo fi mọ̀?" Láti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹjọ ló ti wá ń sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ipele mẹ́ta. Ká ní mo sọ fún àlejò pé "ajá yẹn máa ń gé ni jẹ." Gbólóhùn tó ní ìtumọ̀ ni mo sọ, ìyẹn ni locutionary. Nípa sísọ ọ́, mo kìlọ̀ fún un. Ìyẹn ni illocutionary. Ó gbọ́, ẹ̀rù bà á, ó padà sẹ́yìn. Ìyẹn ni perlocutionary. Kíkìlọ̀ wà lọ́wọ́ mi bí ó bá ti yé e pé ìkìlọ̀ ni. Ẹ̀rù tó bà á kò sí lọ́wọ́ mi: ó lè jẹ́ ọdẹ, kó rẹ́rìn-ín, kó kọjá.

Alábòójútó mi ní kí n "lo ọ̀nà Austin" nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin)

Inú àpilẹ̀kọ A Plea for Excuses ti 1956 ló ti ṣàlàyé ọ̀nà náà jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kọ́kọ́ mú agbègbè kan tí àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí lójoojúmọ́, tí àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Àwáwí ni òun mú: ohun tí a máa ń sọ bí a bá ṣe ohun tí kò dára.

Lẹ́yìn náà, gbé ìwé atúmọ̀-èdè. Austin ní kékeré tó, ṣùgbọ́n lílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúnná. Ọ̀nà méjì ló wà. O lè kà á láti A dé òpin, kí o máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kan ọ sílẹ̀. Tàbí kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, kí o wo ìtumọ̀ wọn, kí o tún wo ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tó bá yọjú nínú ìtumọ̀ yẹn, títí tí àwọn ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sára wọn. Bí Yorùbá lo fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ, ìwé atúmọ̀-èdè R. C. Abraham ti 1958 ló máa ràn ọ́ lọ́wọ́ jù, torí ó kún fún gbólóhùn, kì í ṣe ìtumọ̀ lásán.

Kó ẹjọ́ jọ tẹ̀ lé e. Austin gbà pé kóòtù ni ibi tí wọ́n ti ń fi ipá béèrè ìyàtọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀. Ó lo ẹjọ́ Finney ti 1874: olùtọ́jú kan nílé àwọn alárùn ọpọlọ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná nígbà tí aláìsàn kan ṣì wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀, omi bó ọkùnrin náà, ó sì kú. Lọ́yà lo ọ̀rọ̀ báyìí, adájọ́ lo tọ̀hún, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Austin tú wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: àìbìkítà ni, àìfiyèsí ni, àbí èèṣì?

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ló le jù: dá ọ̀ràn sílẹ̀, kí o sì bi ara rẹ pé kí ni a ó sọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù wà nínú àkíyèsí ìsàlẹ̀ ojú ewé, má fò ó. Èmi àti ìwọ ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan, pápá kan náà ni wọ́n ti ń jẹ. Tèmi sú mi. Mo gbé ìbọn, mo fojú sun ún, mo yìn ín, ó ṣubú. Mo sún mọ́ ọn: tìrẹ ni! Lọ́jọ́ mìíràn, mo fojú sun tèmi gan-an, ṣùgbọ́n bí mo ti ń fa ìbọn ni àwọn ẹranko yí ipò padà, ọta bá tìrẹ. Kí ni màá wí nígbà tí mo bá kanlẹ̀kùn rẹ? Yorùbá ò ní jẹ́ kí n wí ohun kan náà. Ti àkọ́kọ́, "mo ṣì í mú fún tèmi ni." Ti èkejì, "ọta ló ṣèèṣì bà á." Bí o bá pààrọ̀ wọn, ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé o ń parọ́ tàbí pé ìtàn rẹ ò pé.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni pé wọ́n á lọ pín ìwé ìbéèrè, "kí ni àṣìṣe jẹ́ sí yín?", wọ́n á wá ka iye ẹni tó dáhùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà Austin. Má béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Sọ ọ̀ràn náà ní kíkún, kí o béèrè ohun tí wọn yóò sọ. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, má sáré lọ ka ìbò. Ó lè jẹ́ pé ìtàn kò yé wọn bákan náà, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ìlò méjì ló wà lóòótọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, o ti rí nǹkan kọ.

Ṣé ọfọ̀ kọ́ ni Austin ń sọ yìí? Àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́. (Bàbá kan, Ìṣẹ́yìn)

Ọ̀pọ̀ ló ti so wọ́n pọ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n ó yá jù. Ohun tó fún "mo ṣèlérí" lágbára ni àṣà tí èmi àti ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ jọ gbà, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kó yé e. Àwọn tó ni ọfọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní inú orúkọ àti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun náà ni agbára wà, a sì lè sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láìsí ẹni tó gbọ́. Bí a bá fi ìwọ̀n Austin wọn ọfọ̀, a ó kàn sọ ọ́ di ìlérí ni, kò sì ní ṣeé dá mọ̀ mọ́ fún àwọn tó ni ín.

Ìsọmọlórúkọ ló bá ìwọ̀n náà mu rẹ́gí. Ọjọ́ kẹjọ pé, omi, oyin àti obì wà nílẹ̀, àwọn àgbà jókòó, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á ju owó sínú àwo, á sì sọ ọ́ sókè. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́? Bí aládùúgbò tí kò bá wọn tan bá ju owó sí i, ṣé orúkọ náà mú? Bí ìyá ọkọ bá sọ tirẹ̀ nílé ní ọjọ́ kẹta ńkọ́? Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ni ìlànà mẹ́fà tí a tò fún Màmá Òṣogbo lókè ń béèrè. Ruth Finnegan ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1969 lórí àwọn Limba ní Sierra Leone, lórí kíkí, ìdúpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀. Ti ìsọmọlórúkọ Yorùbá ń dúró de ẹni tí yóò fi sùúrù kọ ọ́.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti fi ọ̀nà yìí yẹ èdè wa wò? (Òǹkàwé, Peckham, London)

Bẹ́ẹ̀ ni, ní Ifẹ̀. J. Olubi Sodipo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni níbẹ̀, fi ọdún púpọ̀ bá àwọn oníṣègùn ní Èkìtì sọ̀rọ̀. Ìwé wọn, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde ní 1986. Ibi tí Austin ti wọlé ni ìbéèrè tó bi ní 1946 nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, Other Minds: bí mo bá ní ẹyẹ kan báyìí ló wà nínú ọgbà, tí o ní "báwo lo ṣe mọ̀?", kí ni ìdáhùn tó máa tẹ́ ọ lọ́rùn? Ó fi yé wa pé ẹni tó ní "mo mọ̀" fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró bí ẹni tó ṣèlérí.

Àwọn oníṣègùn náà le ju Austin lọ. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí tó sì dá a lójú nìkan ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kó ṣeé fọkàn tán tó, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò. Èyí túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú ohun tí olùkọ́ Oxford ń pè ní ìmọ̀, tó kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni lójú oníṣègùn Èkìtì. Ní 2000, Hallen lo irú ọ̀nà kan náà fún ìwà àti ẹwà nínú The Good, the Bad, and the Beautiful. Ẹ máa rí méjèèjì nínú ilé-ìkàwé yunifásítì tó bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ Áfíríkà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí jẹun. Ọ̀nà wo ni kó gbà? (Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọdún mẹ́rin fún oyè kìíní nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, lẹ́yìn náà oyè kejì, lẹ́yìn náà ọ̀mọ̀wé, tí kì í sábà dín ní ọdún mẹ́ta. Kó má sá fún lọ́jíìkì, kó sì gba kọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, torí ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ ọ bí a ṣe ń ko gbólóhùn jọ tí a sì ń tò ó. Kó má fi Yorùbá rẹ̀ ṣeré. Iṣẹ́ náà kò sì yára mówó wọlé. Olùkọ́ yunifásítì ni ó máa jẹ́ jù lọ, ẹ jọ sọ ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti kíkà, kó kọ́kọ́ ka Performative Utterances, ọ̀rọ̀ tí Austin sọ lórí rédíò BBC ní 1956. Kò gùn, kò sì le. Kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú A Plea for Excuses, kó tó wá kan How to Do Things with Words, gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjìlá. Sense and Sensibilia kò ní yé e bí kò bá tíì ka ìwé tí A. J. Ayer kọ ní 1940 nípa ìpìlẹ̀ ìmọ̀, nítorí òun ni Austin ń bá jà jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó ka Speech Acts tí John Searle kọ ní 1969, àti ìwé Paul Grice tó jáde ní 1989. Searle kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford nígbà tí Austin wà níbẹ̀, Grice sì jókòó nínú ìpàdé Sátidé. Kó ní ìwé àjákọ kan lọ́wọ́ bó ti ń kà wọ́n, kó sì máa kọ gbogbo ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ̀ láti tẹ̀ lé Austin sílẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ Yorùbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.